Àlejò Tí Kò Mọ Ọjọ́ Mọ́

Níbi ìgbéyàwó ọmọ ọ̀kan nínú wa, àwa mẹ́fà la jókòó yí tábìlì kan ká. Léèsì funfun ni aṣọ ẹbí. Gbogbo wa la sanwó rẹ̀, tí a sì rán an, ṣùgbọ́n nígbà tí a dé òde, mẹ́rin nínú wa ló wọ bùbá léèsì náà tó sì ró ìró dúdú mọ́dìí. Ẹnikẹ́ni kò bi ẹnìkejì rẹ̀ pé kí ló dé. Nígbà tí olórin pe àwọn ọ̀rẹ́ ìyá ìyàwó kí wọ́n jáde wá jó, ọ̀kan nínú wa rọra gbé ìdí sókè, ó fọwọ́ tọ́ ẹ̀yìn ìró rẹ̀ wò, ó bojú wo àga, kó tó dìde pátápátá. Gbogbo wa la mọ ohun tó ń wò. Ẹni ọdún 53 ni.

Ìgbà tí wọ́n kó abọ́ kúrò ni ọ̀rọ̀ nǹkan oṣù tó jáde. Ẹnìkan ní òun ti gbà pé tòun ti parí láti ìgbà ọdún Àjíǹde, àfi bó ṣe tún yọjú láàárọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an láìkanlẹ̀kùn. Ẹlòmíràn ní ọjọ́ 19 gbáko ló fi dà lára òun lóṣù tó kọjá. Ìyá ìbejì ní tòun kì í dà, ó kàn ń kán tótó, ọjọ́ méjì síhìn-ín, ọjọ́ mẹ́ta sọ́hùn-ún, kò jẹ́ kóun mọ ìgbà tóun mọ́. Èmi náà la ẹnu, mo sọ tèmi. Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tí a ti ń bá ara wa bọ̀. A ti jọ sọ̀rọ̀ ọkọ, a ti jọ sọ̀rọ̀ owó, a ti bá ara wa sin òbí. Èyí nìkan ni a kò tíì jọ sọ rí.

Àwa tí mò ń sọ̀rọ̀ wa yìí, láàrin 1968 sí 1975 ni wọ́n bí wa. Ọmọdé la wà nígbà tí ìjọba ẹgbẹ́ òṣèlú UPN sọ ẹ̀kọ́ di ọ̀fẹ́ nílẹ̀ Yorùbá ní 1979. Ilé-ẹ̀kọ́ girama tí a wọ̀ kún débi pé àwọn mìíràn ń kẹ́kọ̀ọ́ lábẹ́ igi. Ètò àtúntò ọrọ̀ ajé tí wọ́n ń pè ní SAP bá wa níbẹ̀ ní 1986. Ìgbà yẹn ni òwú tí a ń rà ní kẹ́míìsì wọ́n kọjá agbára, tí a padà sí àkísà ìró Màámi, èyí tí à ń fọ̀ lóru, tí à ń sá sábẹ́ aṣọ mìíràn lórí okùn kí àwọn ọkùnrin ilé má baà rí i.

Ọ̀rọ̀ ìyànjú kan ṣoṣo ni ọ̀pọ̀ wa gbà lọ́jọ́ tí a kọ́kọ́ rí i: “Bí ọkùnrin bá fọwọ́ kàn ọ́ báyìí, oyún ni.” A gba ọ̀rọ̀ náà gbọ́. Mo mọ ẹnìkan nínú wa tó jẹ́ pé fún odidi ọ̀sẹ̀ kan, orí tábìlì ló ń gbé ìwé rẹ̀ sí fún tíṣà ìṣirò, kí ọwọ́ wọn má baà kan ara wọn. Bí wọ́n ṣe ṣílẹ̀kùn fún wa nìyẹn. Ní ti títì ilẹ̀kùn náà, wọn kò tilẹ̀ sọ gbólóhùn kan. Ohun tí a mọ̀ ni pé ó di ọjọ́ kan, àwọn ìyá wa kò rán wa ní òwú mọ́. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ara wọn nínú ọyẹ́, a sì ń gbọ́ tí wọ́n ń sọ láàrin ara wọn pé, “Tèmi ti dúró.” Ọ̀rọ̀ “dúró” yẹn ló tàn wá. A rò pé bí ọkọ̀ ṣe ń dúró ní ibùdókọ̀ ni: awakọ̀ tẹ bíréèkì, èrò sọ̀ kalẹ̀, ó parí.

Kì í dúró bẹ́ẹ̀. Ó lè fi ọdún mẹ́rin máa lọ máa bọ̀, ó lè jù bẹ́ẹ̀, kó tó kásẹ̀ nílẹ̀. Láàrin ọdún 45 sí 55 ni ti ọ̀pọ̀ obìnrin ń parí, kò sì sẹ́ni tó lè sọ pé ó ti parí àfi tí oṣù 12 bá kọjá tí kò rí ìkán ẹ̀jẹ̀ kan. Bó pé oṣù 11 tó tún yọjú, ẹni náà yóò tún ìṣirò bẹ̀rẹ̀ láti orí ení. Ìyá tó ń sọ pé tòun ti dúró ti ka oṣù wọ̀nyẹn, ó ti ṣì wọ́n kà, ó ti tún wọn kà, kó tó lè sọ gbólóhùn kékeré yẹn. Òun nìkan ló sì dá kà á.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ara kò ṣòro láti yéni, ìdí nìyẹn tó fi ń dùn mí pé ẹnikẹ́ni kò kọ́ wa. Pẹ̀lú gbogbo ẹyin tí yóò lò láyé rẹ̀ ni wọ́n ń bí ọmọbìnrin, mílíọ̀nù kan sí méjì. Nígbà tó bá fi máa bàlágà, ó ti kù bíi 300,000 sí 400,000. Nínú gbogbo èyí, bíi 400 sí 500 péré ni yóò jáde, ẹyọ kan lóṣù. Ìyókù á máa gbẹ díẹ̀díẹ̀. Họ́mọ̀nù méjì ló ń tún ilé-ọmọ ṣe de ẹyin yìí. Estrogen dà bí òjò: bó bá ti ń rọ̀, awọ inú ilé-ọmọ á máa hù, á máa nípọn. Progesterone dà bí àgbẹ̀ tó gbé ọkọ́ dání: òun ló ń sọ fún oko pé ó tó, ìgbà tó bá sì kúrò lóko ni gbogbo rẹ̀ ń wálẹ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, lọ́jọ́ tó yẹ. Ṣùgbọ́n bí ẹyin kò bá jáde, àgbẹ̀ yìí kì í wá. Ní ọjọ́ orí tiwa, ẹyin lè jáde lóṣù kan kó má jáde ní oṣù méjì tó tẹ̀ lé e. Òjò ń rọ̀, nígbà mìíràn ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, kò sì sẹ́ni tó ń roko. Awọ náà á ga, á ga, títí kò fi ní lè gbé ara rẹ̀ dúró mọ́. Á wá máa ya lulẹ̀ bó ṣe wù ú, díẹ̀ lónìí, púpọ̀ lọ́la, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta láìdá. Lẹ́yìn náà òjò á dá, oṣù mẹ́ta á kọjá láìrí nǹkan kan. Bí àlejò tí kì í yẹ ọjọ́ láti ìgbà tí a ti bàlágà kò ṣe mọ ọjọ́ mọ́ nìyẹn.

Nítorí pé a kò mọ èyí, ohun tí a mọ̀ la fi ń túmọ̀ rẹ̀. Bí kò bá wá fún oṣù méjì, àyà wa á já: àbí oyún ni? Ìbẹ̀rù yẹn ní ìdí. Níwọ̀n ìgbà tí ẹyin kan bá ṣì lè jáde, obìnrin ṣì lè lóyún, a sì mọ àwọn tó bímọ lẹ́yìn tí àkọ́bí wọn ti ṣègbéyàwó. Àwọn dókítà ní kí ẹni tí tirẹ̀ dúró kó tó pé 50 ṣì máa lo ìfètò sọ́mọ bíbí fún ọdún méjì sí i, kí ẹni tó ti lé ní 50 ṣe é fún ọdún kan. Nítorí náà kí a kọ́kọ́ tọ̀ sínú ìgò fún àyẹ̀wò oyún, kí ọkàn lè balẹ̀.

Bó bá wá ń dà lọ́pọ̀, a ní ayé ni. Mo mọ obìnrin kan tó lọ sórí òkè àdúrà fún ọjọ́ mẹ́ta, tó gba ààwẹ̀ gbígbẹ, tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀ láìjẹ láìmu, nítorí wọ́n sọ fún un pé ìyá ọkọ rẹ̀ tó ti kú ló ń mu ún. Àwọn mìíràn ní jẹ̀díjẹ̀dí ni, wọ́n mu agbo títí inú wọn fi bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́. Àwọn kan tún ní kí a má wá ọ̀nà àtidá a dúró rárá, pé ẹ̀jẹ̀ ìdọ̀tí ni, pé bí kò bá jáde yóò di àrùn síni lára. Ìgbàgbọ́ kan náà yìí ló mú ọ̀pọ̀ ìyá wa sá kúrò lórí ẹní ọkọ wọn nígbà tí nǹkan oṣù dúró, nítorí wọ́n gbà pé kò sí ohun tí yóò máa fọ inú wọn mọ́. Irọ́ ni. Ẹ̀jẹ̀ yìí kì í ṣe ìdọ̀tí. Ẹ̀jẹ̀ tó ń ṣàn nínú apá wa náà ni, irin inú rẹ̀ la sì ń pàdánù nígbà tí a bá ń wò ó níran.

Ti ẹ̀sìn tún wà níbẹ̀, mi ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ yẹpẹrẹ mú un. Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ Mùsùlùmí nínú wa mọ bó ṣe ń rí nínú oṣù Ramadan. Obìnrin á gbààwẹ̀ títí di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, á rí àbàwọ́n, á ṣínu. Á mọ́ lọ́jọ́ kejì, á wẹ̀, á gbà á. Lọ́jọ́ kẹta ó tún dé. Títí ìtúnu á fi dé, kò mọ iye ọjọ́ tó máa san padà, ó sì ń tì í lójú láti béèrè. Ẹ lọ bi àlùfáà tó mọ̀wé. Ẹ̀sìn Ìsìláàmù ti ya nǹkan oṣù sọ́tọ̀ kúrò lára ẹ̀jẹ̀ tó kọjá àkókò rẹ̀ láti ayé Ànábì, nígbà tí Fátímà ọmọ Abu Hubaysh lọ bi wọ́n léèrè nípa ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀ tí kì í dá. Ìdáhùn tó gbà ni pé iṣan ló ti ń wá, kì í ṣe nǹkan oṣù, pé bí ọjọ́ nǹkan oṣù rẹ̀ bá ti kọjá, kó wẹ̀, kó máa kírun. Obìnrin yẹn béèrè ní gbangba. Nínú ìjọ aláṣọ funfun tí ọ̀rẹ́ mi kan ń lọ, obìnrin kì í wọ ilé àdúrà lásìkò nǹkan oṣù. Ó ti tó oṣù mẹ́ta tó fi jókòó sílé lọ́jọ́ Ìsinmi tí àwọn ènìyàn sì ń sọ pé ó ti fà sẹ́yìn nínú ìgbàgbọ́.

Bíbélì náà sọ̀rọ̀ obìnrin onísun ẹ̀jẹ̀, ọdún 12, tó ti ná gbogbo ohun tó ní fún oníṣègùn tí kò sì sàn. Mo ti gbọ́ ìwàásù lórí rẹ̀ ju ogún ìgbà lọ, ìgbàgbọ́ rẹ̀ ni wọ́n máa ń sọ. N kò tíì gbọ́ oníwàásù kan tó dúró díẹ̀ lórí ọdún 12 yẹn: bó ṣe rẹ̀ ẹ́ tó, bí kò ṣe lè jókòó sórí ẹní ẹlòmíràn, ìdí tó fi jẹ́ pé láti ẹ̀yìn, láàrin èrò, ló ti yọ́ wá fọwọ́ kan aṣọ. Àwa tí ó ti ṣe rí mọ ìdí rẹ̀.

Tèmi bẹ̀rẹ̀ nígbà tí mo pé 50. Tíṣà ni mí, orí ìdúró la sì ti ń ṣiṣẹ́ wa. Pádì méjì ni mò ń wọ̀ pọ̀. Mo dín omi mímu kù nítorí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ilé-ẹ̀kọ́ wa kò ní omi. Bí mo bá máa wọ ọkọ̀ láti Ìbàdàn lọ sí Èkó, mo máa ń tẹ́ ọ̀rá sórí ìjókòó, kí n tó tẹ́ ìborùn lé e, kí àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi má baà fura. Bí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ bá sì mú wa lọ́nà, àdúrà ni mò ń gbà. Nígbà tó di oṣù kẹrin, àtẹ̀gùn tí mo ti ń gùn lọ sí kíláàsì láti ọdún 15 wá di Òkè Olúmọ fún mi. Bí mo bá gun ẹsẹ̀ mẹ́rin, mo ń dúró mí. Bí mo bá sùn lálẹ́, mò ń gbọ́ bí àyà mi ṣe ń lù lórí ìrọ̀rí. Ilé ìwòsàn kan wà tí mo lọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ìgbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni wọ́n sọ fún mi pé, “Mọ́mì, ọjọ́ orí ni. Ẹ lọ sinmi.” Wọn kò gba ẹ̀jẹ̀ mi wò. Wọn kò ṣe scan. Wọn kò bi mí pé pádì mélòó ni mò ń lò lójúmọ́. Inú ń bí mi títí di òní. Ọjọ́ orí kì í ṣe àbájáde àyẹ̀wò.

Ọmọ mi obìnrin ló fura. Ó ń gba owó ọjà lọ́wọ́ mi, ó sì di ọwọ́ mi mú. “Mọ́mì, kí ló dé tí àtẹ́lẹwọ́ yín funfun báyìí?” Ó gbé mi lọ síbòmíràn lọ́jọ́ náà. PCV mi, ìyẹn ìwọ̀n sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀, jẹ́ 19. Ti obìnrin tí ara rẹ̀ le, bíi 36 ló yẹ kó ti bẹ̀rẹ̀. Dókítà tó rí i, ọmọdébìnrin tí mo lè bí, kò jẹ́ kí n dìde lórí bẹ́ẹ̀dì mọ́. Àbúrò mi àti ọkọ mi fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀, wọ́n sì fa páìǹtì méjì sí mi lára. Ó wá fa àga, ó jókòó tì mí, ó bi mí ní ohun tó yẹ kí wọ́n ti bi mí láti oṣù mẹ́rin sẹ́yìn: Mà, ẹ̀ẹ̀melòó lẹ̀ ń dìde lóru láti pààrọ̀? Ṣé ó ń jáde ní dídì? Báwo ló ṣe tóbi tó? Ṣé ẹ máa ń rí i lẹ́yìn tí ẹ bá wà pẹ̀lú Dádì? Ó béèrè láìrẹ́rìn-ín, láìdi ojú. Mo sunkún níwájú rẹ̀.

Scan fi hàn pé fáíbrọ́ìdì méjì kékeré wà lára ògiri ilé-ọmọ mi, àti pé awọ inú rẹ̀ nípọn. Wọ́n gé díẹ̀ nínú awọ náà lọ fún àyẹ̀wò. Ọ̀sẹ̀ méjì tí mo fi dúró de èsì, mo fẹ́rẹ̀ má sùn. Kò sí jẹjẹrẹ. Wọ́n fún mi ní oògùn irin, wọ́n ní kí n máa fi omi ọsàn mu ún, kí n má fi tíì mu ún. Wọ́n sì fi kọ́ìlì tó ń tú oríṣi progesterone kan jáde díẹ̀díẹ̀ sínú ilé-ọmọ mi. Àgbẹ̀ tí kò wá sóko mọ́, wọ́n lọ gbé e wá. Kó tó pé oṣù mẹ́fà, gbogbo rẹ̀ ti di àbàwọ́n lásán.

Lẹ́yìn èyí ni mo lọ bi Màámi. Wọ́n ti lé ní 70 nígbà yẹn. Mo ròyìn ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi, mo ní, “Màámi, báwo ni tiyín ṣe rí?” Ẹ̀gúsí ni wọ́n ń bó. Wọ́n dákẹ́ pẹ́, ọwọ́ wọn kò dúró. Wọ́n ní, “Ọdún mẹ́ta ló fi bá mi jà.” Mo wá rántí 1996, lóru tí wọ́n sáré gbé Màámi lọ sí ilé ìwòsàn, tí wọ́n lo ọjọ́ márùn-ún níbẹ̀. Ibà ni wọ́n sọ fún wa. Ẹ̀jẹ̀ ni. Mo ti lọ́kọ nígbà yẹn, mo ti bímọ kan, síbẹ̀ Màámi kò lè sọ fún mi. Mo bi wọ́n pé kí ló dé. Wọ́n wò mí bí ẹni tí ìbéèrè náà yà lẹ́nu. “Ṣé ohun tí wọ́n máa ń sọ ni?”

Mo bínú sí wọn fún ọjọ́ bíi mélòó kan. Lẹ́yìn náà ni mo rí i pé èmi náà kò sàn jù wọ́n lọ.

Ọ̀kan wà nínú wa tí kò sí nídìí tábìlì ọjọ́ ìgbéyàwó yẹn. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló sọ fún wa lẹ́yìn ìsìnkú. Nǹkan oṣù rẹ̀ ti dúró fún ọdún méjì nígbà tó tún rí àbàwọ́n kan lára aṣọ, kò ju kọ́bọ̀ àtijọ́ lọ. Inú rẹ̀ dùn. Ó ní ara òun ti sọ jí. Ó ń wá, ó ń lọ, kò dùn ún, kò sì pọ̀ tó ohun tí ènìyàn ń torí rẹ̀ náwó lásìkò tí owó ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ wà nílẹ̀. Oṣù mẹ́wàá ló fi bò ó mọ́ra. Nígbà tó fi dé ilé ìwòsàn ńlá, jẹjẹrẹ náà ti kúrò nínú ilé-ọmọ níbi tó ti bẹ̀rẹ̀. A sin ín ní 2023. Ní gbogbo oṣù mẹ́wàá yẹn, a jọ ń ṣe ìpàdé ẹgbẹ́ lóṣooṣù. Èmi tí wọ́n ti fa ẹ̀jẹ̀ sí lára, tí mo ti mọ gbogbo ohun tí mo kọ sókè yìí, mo ń jókòó tì í, mo sì pa ẹnu mi mọ́ nítorí ojú ń tì mí.

Nítorí náà ẹ jẹ́ kí n sọ èyí bí mo ṣe máa sọ ọ́ fún ọmọ ìyá mi. Kó pẹ́ kó tó wá, kó fo oṣù kan, kó kéré lóṣù yìí kó pọ̀ díẹ̀ lóṣù tó ń bọ̀, ìyẹn bá ọjọ́ orí wa mu. Ṣùgbọ́n bí pádì kan bá ń kún láàrin wákàtí kan tí èyí tó tẹ̀ lé e sì tún ń kún. Bó bá ń jáde ní dídì ńláńlá. Bó bá ń kọjá ọjọ́ méje, tàbí tí kò pé ọjọ́ 21 kó tó padà dé. Bó bá ń wá lẹ́yìn ìbálòpọ̀. Bí òòyì bá ń kọ́ni. Ìyẹn kúrò ní ohun tí à ń mú mọ́ra. Fáíbrọ́ìdì lè wà nídìí rẹ̀, ó sì wọ́pọ̀ lára àwa obìnrin aláwọ̀ dúdú ju àwọn yòókù lọ. Ẹran kékeré lè hù sínú ilé-ọmọ. Oògùn tí wọ́n fún ẹnìkan kí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ má baà dì lè fà á. Jẹjẹrẹ ẹnu ilé-ọmọ lè fà á, àyẹ̀wò rẹ̀ kì í sì gbà ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ.

Ẹ̀jẹ̀ tó bá wá lẹ́yìn tí oṣù 12 ti kọjá kì í ṣe nǹkan oṣù mọ́, bó ti wù kó kéré tó. Nínú obìnrin mẹ́wàá tó bá rí irú rẹ̀, bíi mẹ́sàn-án ni kò ní jẹ́ jẹjẹrẹ. Ẹ má fòyà ju bó ṣe yẹ lọ. Ṣùgbọ́n nínú àwọn ìyá mẹ́wàá tí jẹjẹrẹ bá mú nínú awọ ilé-ọmọ lẹ́yìn tí nǹkan oṣù wọn ti dúró, bíi mẹ́sàn-án ni irú ẹ̀jẹ̀ yìí yọ sí. Ọ̀pọ̀ jẹjẹrẹ ni kì í fúnni ní àmì títí ọ̀rọ̀ á fi pẹ́ jù. Èyí ń fúnni ní àmì, bí wọ́n bá sì tètè rí i, iṣẹ́ abẹ máa ń wo ọ̀pọ̀ rẹ̀ sàn.

Mo mọ ohun tó ń dá wa dúró. Owó ni àkọ́kọ́. Òfin 2022 sọ adójútòfò ìlera di dandan fún gbogbo ọmọ Nàìjíríà, síbẹ̀ láti inú àpò ara wa ni ọ̀pọ̀ wa ti ń san ohun gbogbo. Ẹni tí kò bá ní owó scan lónìí, kó ṣe PCV. Òun ni ó rọ̀ jù, òun ló sì máa kọ́kọ́ sọ bóyá ẹ̀jẹ̀ ti dín kù jù lára rẹ̀. Ohun kejì ni ìbẹ̀rù pé wọ́n á yọ ilé-ọmọ wa. Àwọn kan ń sọ láàrin wa pé ẹni tí wọ́n bá yọ tirẹ̀ kò ní ní i nígbà tó bá tún ayé wá. N kò ní fi ìbẹ̀rù yẹn ṣẹ̀sín, ṣùgbọ́n oògùn wà tí wọ́n ń lò ní ọjọ́ tó bá ń dà, kọ́ìlì wà, iṣẹ́ abẹ tó ń yọ fáíbrọ́ìdì nìkan wà. Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni wọ́n ń yọ ilé-ọmọ rẹ̀. Ohun tí kò dára ni kí a lọ júwe ara wa fún ọmọkùnrin tó ń ta oògùn ní kẹ́míìsì kó fún wa ní èyí tó ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró. Oògùn yẹn kò yẹ ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ti dì nínú iṣan rẹ̀ rí.

Àwọn ẹgbẹ́ wa tó lọ ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní ìlú Òyìnbó sọ pé lọ́hùn-ún, láti 2015 ni ìlànà ti wà lákọsílẹ̀ fún dókítà nípa bí wọ́n ṣe máa tọ́jú obìnrin lásìkò yìí, àti pé ẹni tó bá ti lé ní 45, ìròyìn ẹnu rẹ̀ nìkan tó láti mọ̀ pé ìyípadà náà ti bẹ̀rẹ̀. Ìròyìn ẹnu! Ohun tí a kò fẹ́ sọ náà ni oníṣègùn ń fẹ́ gbọ́.

Àwọn ọmọ wa ti ń rí ohun tí àwa kò rí. Láti oṣù kẹwàá 2023 ni ìjọba Nàìjíríà ti bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ọmọbìnrin ọdún 9 sí 14 ní abẹ́rẹ́ àjẹsára HPV, tó ń dènà jẹjẹrẹ ẹnu ilé-ọmọ. Ẹ mú àwọn ọmọ-ọmọ yín lọ gbà á. Bí ẹ bá sì ń bá wọn lọ, ẹ sọ bí nǹkan oṣù ṣe ń bẹ̀rẹ̀ àti bó ṣe ń parí fún wọn, ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin pọ̀, kí ẹnikẹ́ni nínú wọn má baà gbọ́ ọ lẹ́yìn ìsìnkú ọ̀rẹ́ rẹ̀.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, mo bẹ̀ yín, ẹ pe ẹnìkan nínú wa lónìí. Ẹ bi í pé, ìgbà wo lo rí i kẹ́yìn? Bó bá sọ fún yín pé ó ti lé lọ́dún kan tó ti dúró, kó tó tún wá rí ìkán kan lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹ má bá a yọ̀ pé ara rẹ̀ ti sọ jí. Ẹ bá a wọ ọkọ̀ lọ sí ilé ìwòsàn.